Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Fi Ìyẹ́ Bo Velociraptor

Nínú iṣẹ́ wa yìí, iṣẹ́ yíyọ egungun àtayébáyé kúrò lára òkúta, ẹni tó rí egungun àti ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni aráyé máa ń rántí. Ọdún 1923 ni wọ́n rí egungun Velociraptor, irú dáínọ́sọ̀ kan, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní aṣálẹ̀ Gobi ní Mòngólíà. Ní 1924, ọ̀mọ̀wé Henry Fairfield Osborn sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó jókòó ti òkúta, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣí iyanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sábà hàn. Bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ọwọ́ onítọ̀hún ni ẹ̀rí ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé kankan. Ẹ wo apá Velociraptor yìí, fún àpẹẹrẹ. Ní 2007, àwọn ọ̀mọ̀wé Alan Turner, Peter Makovicky àti Mark Norell kéde pé àwọn rí kókó wẹ́wẹ́ mẹ́fà lára egungun apá Velociraptor kan, tí wọ́n tò tẹ̀ léra, tí wọ́n sì fi nǹkan bíi mìlímítà 4 jìnnà síra. Lára ọ̀pọ̀ ẹyẹ òde òní, ibi irú kókó bẹ́ẹ̀ ni iṣan ti ń so ìdí ìyẹ́ apá mọ́ egungun. Láti inú àlàfo àárín àwọn kókó náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìyẹ́ ńlá 14 ló wà níbẹ̀. Bí irin bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kókó á di ẹ̀tù, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Àwọn kan á ní, ta ló rí ìyẹ́ ọ̀hún? Òótọ́ ni, iyanrìn Gobi kì í tọ́jú ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ adágún omi ní Ṣáínà tọ́jú rẹ̀: ìyẹ́ gígùn wà lápá àti lẹ́sẹ̀ Microraptor, tó jẹ́ ìbátan Velociraptor. Ẹlòmíràn á ní àpá àrùn lásán ni àwọn kókó náà. Àrùn kì í to kókó lẹ́sẹẹsẹ báyẹn. Bí egungun Velociraptor mìíràn kò bá sì ní kókó, ìyẹn kò da nǹkan kan rú, nítorí àwọn ẹyẹ kan wà tó ń fò tí kò ní in. Velociraptor tí kò lè fò ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ìyẹ́ ṣe? Ògòǹgò kì í fò, ó ń fi ìyẹ́ apá bo ẹyin, ó sì ń fi ṣe fáàrí fún abo. Fíìmù Jurassic Park ti 1993 ló gbin ẹranko tí kò ní ìyẹ́, tó sì ga tó ènìyàn, sí wa lọ́kàn. Velociraptor gidi kò ju tòlótòló ńlá lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá kílò 20.

Kí ló wá kan ará Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin nínú èyí? Kí ẹnikẹ́ni má wá dáínọ́sọ̀ lọ sínú òkúta ẹfun Ewékorò nílẹ̀ wa níbí o. Abẹ́ òkun ni òkúta náà ti dì, lẹ́yìn tí àwọn dáínọ́sọ̀ ti run tán ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè Niger, tó wà nítòsí wa, ni wọ́n ti ń rí egungun wọn. Láti Gadoufaoua níbẹ̀ ni egungun dáínọ́sọ̀ Suchomimus, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1998, ti rìnrìn àjò dé Chicago kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ kúrò lára òkúta. Egungun ńlá lè fara da irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ti àwọn kéékèèké tó jọ ẹyẹ, tó fẹ́lẹ́, tó sì ní ihò nínú, kì í fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọwọ́ tó mọṣẹ́ wà nítòsí, lọ́dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀: awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, abẹ́rẹ́, àti gúlù tó ṣeé yọ́ padà bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò.