Aṣaìyẹ́ Kò Ní Ẹyẹ: Lórí Kíkó Ohun Ìrántí Sinimá “Bullitt” Jọ

Bí ọdẹ bá pa ẹyẹ wálé, àwọn ọmọdé a máa ṣa ìyẹ́ rẹ̀. Wọn a kì í bọ irun, wọn a máa sáré káàkiri àgbàlá, inú wọn a sì dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò sọ pé òun ti ní ẹyẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, aṣaìyẹ́ ni èmi náà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó àwòrán àti ohun ìrántí sinimá kan jọ, èyí tí à ń pè ní Bullitt. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa bi mí pé kí ni mo rí nínú rẹ̀. Èsì tí mo rò fún wọn ni mo gbé kalẹ̀ níhìn-ín.

Ní 1968 ni sinimá náà jáde. Peter Yates ni ó darí rẹ̀, Steve McQueen sì ni olú òṣèré. Ìtàn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní ìlú San Francisco ni. Kí a má parọ́, ìtàn náà díjú. Ẹni tí ó wò ó lẹ́ẹ̀kan lè má mọ ẹni tí ó pa ẹni. Ohun tí ó sọ ọ́ di ààyò àwọn olólùfẹ́ mọ́tò ni eré tí mọ́tò méjì sá nínú rẹ̀: Ford Mustang aláwọ̀ ewé tí ọlọ́pàá ń wà, àti Dodge Charger dúdú tí àwọn apànìyàn ń wà. Eré náà kò pé ìṣẹ́jú 11. Òkè ni wọ́n ń gùn, òkè ni wọ́n ń sọ̀. Bí mọ́tò bá dé ténté òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kúrò nílẹ̀, ọkàn òǹwòran a sì fò pẹ̀lú rẹ̀. Kí eré tó le, orin Lalo Schifrin ń dún lábẹ́lẹ̀. Bí ó ti le, orin dákẹ́. Ó ku igbe ẹ́ńjìnnì àti ti táyà. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Frank P. Keller, ẹni tí ó gé fíìmù náà tí ó sì tò ó, gba ẹ̀bùn Oscar ní 1969 nítorí iṣẹ́ yìí.

Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò ṣàì ní àbùkù. Volkswagen aláwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ léraléra. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni Charger, ṣùgbọ́n ìdérí ẹsẹ̀ tí ó já bọ́ lára rẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Èmi kò bínú sí èyí. Àbùkù wọ̀nyí ni ó ń rán mi létí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wá wo ohun tí àwa akójọ ń kó. Àwòrán kì í sáré. Mọ́tò tí ó wà nínú rẹ̀ dúró gbári. Àwo orin tí wọ́n tà ní 1968 kì í ṣe orin inú sinimá gan-an. Schifrin tún un ṣe kí ó lè dùn gbọ́ nínú ilé ni, igbe ẹ́ńjìnnì kò sì sí nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ford pàápàá ti sọ Mustang tuntun ní Bullitt lẹ́ẹ̀mẹta láti 2001, gbogbo wọn ń dán gbinrin. Mo ra púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Ní ọjọ́ kan mo bi ara mi ní ìgbà tí mo wo sinimá náà gbẹ̀yìn, mo sì rí i pé ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ojú tì mí.

Ìtìjú kejì ni ti ìwé ìpolówó. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ó mọ́ tónítóní, kò ní ojú ìṣẹ́po kankan. Nígbà tí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, íńṣì 24 sí 36 ni. Àyà mi já. Èyí tí àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, íńṣì 27 sí 41 ni, ṣíṣẹ́po ni wọ́n sì ń ṣẹ́ ẹ po kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n tà fún mi ní iye ògbólógbòó.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí ojúlówó. Ojú ìṣẹ́po rẹ̀ hàn bí ilà tí a fi ń mọ ọmọ ìlú, ihò ìṣó wẹ́wẹ́ sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé e fún àwọn tí ń tún irú rẹ̀ ṣe: wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, wọn a dí ihò, wọn a fi ọ̀dà pa ojú ìṣẹ́po rẹ́. Díẹ̀ ni ó kù kí n gbà. Ìtàn Mustang inú sinimá náà ni kò jẹ́ kí n gbà.

Mustang méjì ni wọ́n lò. Èyí tí wọ́n fi fo òkè bàjẹ́ gidigidi. Ní Mexico ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ ní 2017. Èkejì ni ọkùnrin kan ní New Jersey rà ní 1974 ní 6,000 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe olùkọ́, ń wà á lọ sí ibi iṣẹ́. Ní 1977 McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ rà á padà. Wọn kò tà á. Ní 1980 kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jóná, wọ́n sì gbé e pamọ́. Ó di 2018 kí ayé tó tún fojú kàn án ní Detroit. Wọn kò kùn ún lọ́dà tuntun. Ibi tí ó tẹ̀ ṣì tẹ̀. Irin tí àwọn oníṣẹ́ sinimá jó mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti fi gbé kámẹ́rà ró ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2020 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Florida ní 3,740,000 dọ́là. N kò sọ èyí láti yin owó. Mustang 1968 tí ó ń dán jù ú lọ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kò bá a ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ǹjẹ́ kí a jẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹrà nítorí ẹ̀rí? Rárá o, ikán kò mọ ìtàn. Kí a gbà á lọ́wọ́ òjò àti oòrùn, ìtọ́jú ni. Kí a pa ojú rẹ̀ rẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó wí bí ó bá ra ẹ̀dà. Ẹ̀dà kì í ṣe olè. Ẹni tí ó pè é ní ojúlówó ni olè. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ wo sinimá náà kí ẹ tó ra ìyẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún máa wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán.

Ìwé ìpolówó mi wà lára ògiri báyìí, tòun ti ilà àti ihò rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e kọ́, mo jókòó, mo wo sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin dákẹ́, ẹ́ńjìnnì ké. Volkswagen aláwọ̀ ewé náà kọjá, ó tún kọjá, mo sì bú sẹ́rìn-ín.