Ojú Ni Kó Kọ́kọ́ Bi Òkúta Léèrè

Kò sí òkúta ẹfun lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Ajíbọ́dẹ, nílùú Ìbàdàn. Òkúta gneiss àti quartzite ló wà nílẹ̀ Ìbàdàn. Quartzite yìí kan náà ló ta yọ ní òkè Màpó àti Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá ń wá òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kó dorí kọ Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tàbí Ṣàgámù. Òkúta tí òkè oníná pọ̀ sílẹ̀, ó di Jos àti Biu. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n ti gbé òkúta wá, ohun tí iṣẹ́ àyẹ̀wò òkúta kọ́ mi ni pé ojú àti ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ̀rọ tó sọ tirẹ̀.

Ẹ mú calcite, tó jẹ́ ẹran ara òkúta ẹfun. Ọ̀bẹ ń ha á, torí pé líle rẹ̀ kò ju 3 lọ lórí òṣùwọ̀n tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812. Ẹ kán ásíìdì tí a ti bu omi là sí i, yóò hó yaya. Dolomite jọ ọ́ bí ìbejì, síbẹ̀ kì í hó tó bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha á di lúbúlúbú. Òkúta quartz funfun tó fọ́n ká sínú oko wa kò ní hó rárá, òun gan-an ni yóò ha ọ̀bẹ. Owó ńlá wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Bí magnesium inú dolomite bá pọ̀ jù nínú sìmẹ́ǹtì, ó lè máa wú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí kọnkéré ti le, kó sì sán an.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ XRF ti dé: ẹ lọ òkúta kúnná, ẹ gbé e síbẹ̀, iye silica, iron àti calcium á jáde láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tó wà níbẹ̀ ló ń kà, kò lè sọ bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ẹ wo basalt Biu àti amphibolite agbègbè Iléṣà. Silica inú àwọn méjèèjì sábà máa ń wà láàrin 45 sí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ka èsì nìkan lè rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ wá gé wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé 0.03 mílímítà, kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Olivine àti pyroxene lẹ ó rí nínú ti Biu, ìlà tí pyroxene fi ń là sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ní igun 90. Hornblende ló kún inú ti Iléṣà, ìlà tirẹ̀ pàdé ní igun bíi 56 àti 124. Ti Biu ṣàn jáde, ó tutù, ó dì; ti Iléṣà ti rì sísàlẹ̀ ilẹ̀, ooru àti ìfúnpọ̀ ibẹ̀ sì ti tún un dá.

Àtakò kan wà tí mo gbà: ojú kò ká gíláàsì òkè oníná, tí kò ní kírísítálì kankan láti dá mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ká ẹyọ tó kéré jù. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yan èyí tí a ó lọ̀ fún ẹ̀rọ? Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fi ihò sílẹ̀ nínú basalt, omi sì lè gbé calcite wá dí i nígbà tó yá. Bí a bá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ á ka calcium tí kò bá òkè oníná jáde rárá. Ẹ̀kán ásíìdì kan lórí ihò náà ì bá ti fi í hàn.