Austin Seven, Ọkọ̀ Kékeré Tó Tọ́ BMW Dàgbà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun BMW kiri lónìí ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi orúkọ ara rẹ̀ tà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orírun rẹ̀. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi gbà á, wọ́n sì ń san owó lórí rẹ̀ bó ti tọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ìtàn àwọn mọ́tò olówó ńlá lọ, nítorí kò sí olè nínú rẹ̀: ẹni tó mọ iṣẹ́ fi han ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ náà sì san owó ẹ̀kọ́.

Herbert Austin ló dá ilé iṣẹ́ Austin sílẹ̀ ní Longbridge, létí Birmingham. Nígbà tó fi máa di 1921, gbèsè ti wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré tí agbára ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè ká. Àwọn olùdarí yòókù kò gbà. Kò jáwọ́. Ó mú ọmọkùnrin ayàwòrán ẹ̀rọ kan, Stanley Edge, tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, lọ sí ilé ara rẹ̀ ní Lickey Grange, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ya ọkọ̀ náà. Owó àpò Austin ni wọ́n ná sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń gba gíní méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ilé iṣẹ́ bá ṣe. Ní 1922, Austin Seven jáde.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 2.7 lọ. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti alùpùpù, bònẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú, iná iwájú rẹ̀ sì yọ síta bí ẹni ń wo ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó jẹ́ 747 cc kò tó ìlàjì ti ọ̀pọ̀ Corolla tó ń ná títì wa, síbẹ̀ sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe méjì bíi ti àwọn ọkọ̀ pọ́ọ́kú ìgbà náà. Èyí tó wú mi lórí jù ni bíréèkì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ṣì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Austin Seven ló ní bíréèkì: dírẹ́bà a fi ẹsẹ̀ tẹ ti ẹ̀yìn, a sì fi ọwọ́ fa ti iwájú. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lè jókòó sínú rẹ̀. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní Eisenach, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Jámánì, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ Dixi wà nínú ìṣòro ní àkókò yẹn. Wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn tóbi, ó sì wọ́n ju ohun tí ará ìlú lè rà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní lọ. Ní 1927, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Austin. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti Longbridge wá, pẹ̀lú sítíárìn ní apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará Jámánì ń gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn, wọ́n sì gbé sítíárìn lọ sí òsì.

Ní 1928, BMW ra ilé iṣẹ́ Eisenach. Ẹ́ńjìnì bàálù àti alùpùpù ni BMW mọ̀ títí di ìgbà náà, kò tíì ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Àdéhùn Austin wà lára ohun tó rà, nígbà tó sì di 1929, àmì BMW ti wà níwájú ọkọ̀ náà. Wọ́n ń tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ní 1932 wọ́n fòpin sí àdéhùn náà, nítorí wọ́n ti lè dá dúró. Ní 1933 ni BMW 303 dé, pẹ̀lú sílíńdà mẹ́fà àti ojú oníhò méjì tí gbogbo ayé fi ń dá BMW mọ̀ títí dòní.

Ní ilẹ̀ Faransé, Lucien Rosengart náà gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní Butler, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Austin ti Amẹ́ríkà ní 1930, àsìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà wó, ó tún dìde pẹ̀lú orúkọ Bantam, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tí a wá mọ̀ sí jíìpù fún ológun Amẹ́ríkà ní 1940. Ó dùn mí pé ológun gbé àwòrán iṣẹ́ wọn fún Willys àti Ford, tí iṣẹ́ ńlá náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn.

Àdéhùn tí mo gbé oríyìn fún jù ni èyí tí Austin bá Nissan ṣe ní 1952. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ará Japan ń to Austin A40 pọ̀ láti inú ẹ̀yà tó ti Ìlú Ọba wá. Ṣùgbọ́n àdéhùn là á kalẹ̀ pé láàárín ọdún mẹ́ta, Japan gbọ́dọ̀ lè ṣe gbogbo ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, lórí A50 tó tẹ̀ lé e. Àdéhùn tó kan ní kí a máa fi sípánà di ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ kò tó. Èyí tó dá ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gboyè ni àdéhùn gidi.

BMW padà ra Rover, ilé iṣẹ́ tó ti jogún Austin, ní 1994, Longbridge àti orúkọ Austin sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tà á ní 2000, Mini ló dì mú. Mini yìí kan náà, nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1959, Austin Seven wà lára orúkọ tí wọ́n fi tà á. Bí ìrìn àjò bá gbé ọ dé Eisenach, yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ náà, kí o sì béèrè Dixi.