Guilhem Kẹsàn-án ti Aquitaine: Ṣé Òun Ni Akéwì Àkọ́kọ́?

Orin 11 ni wọ́n kà sí iṣẹ́ Guilhem kẹsàn-án, Dúúkù Aquitaine tí wọ́n bí ní 1071, àríyànjiyàn sì wà lórí ọ̀kan. Àwọn ìwé kan pè é ní olùdásílẹ̀ ewì ìfẹ́ èdè Occitan. N kò fara mọ́ ọn. Ìwọ̀n orin rẹ̀ gún régé ju ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn kan ti ní láti máa kọrin ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dúúkù ni, ta ni yóò gbàgbé orin ọlọ́lá? Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ kì í ṣe àkọ́kọ́ lẹ́nu.

Ibòmíràn ni iyì rẹ̀ wà. Ẹni tí ó kọ orin ìṣekúṣe fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí náà ni ó kọ orin ìdágbére kan. Níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ pòórá: ẹ̀rù ń bà á pé àwọn aládùúgbò yóò dojú ìjà kọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Ó fi í sí ìtọ́jú Fulk ti Anjou, ó tọrọ àforíjì, ó sì kọ aṣọ onírun olówó ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Bí àyè orin kan ṣoṣo bá wà nínú sílábọ́ọ̀sì, èyí ni kí ẹ mú.