Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ Òǹkà Ńlá Kan

Ní kíláàsì wa ní Òkìtìpupa, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi nọ́ńbà kọ àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà. 50,000 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ: wọ́n ti mú ọ̀kẹ́ bí ẹgbẹ̀rún. Bí ó bá jẹ́ ìwé owó ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ, ìdá kan nínú ogún owó náà péré ni ẹni tí ó ta ilẹ̀ ì bá rí gbà. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn ọmọ. Àwa olùkọ́ ni a ń kọ́ wọn ní òǹkà dé ọgọ́rùn-ún, tí a sì ń fi 'mílíọ̀nù' dí ìyókù.

20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ wá di 1,000,000, èyí tí í ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Bí a bá tú u dé ìdí, èjì mẹ́fà àti àrún mẹ́fà ni a ó bá níbẹ̀, tí a fi ń lọ́po ara wọn. Ìdí nìyí tí òǹkà mọ́kàndínláàádọ́ta fi lè pín in láìṣẹ́kù, bí a bá ka 1 àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí jù ni pé ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́, tí wọ́n jẹ́ òpó òǹkà wa, wà lára àwọn tí ó pín in. Ọ̀kẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta, ẹgbàá inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, igba inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta. Ẹ wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ogún mẹ́ta dín mẹ́wàá, igba mẹ́ta dín ọgọ́rùn-ún, ẹgbàá mẹ́ta dín ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀ta ni ó wà nídìí gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹ̀ta kò lè pín àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹyọ kan yóò ṣẹ́kù. Ó yẹ kí olùkọ́ ìṣirò fi èyí dán àwọn ọmọ wò.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Ó fi kíkó owó ẹyọ jọ ní márùn-ún márùn-ún àti ní ogún ogún ṣàlàyé rẹ̀. Àlàyé náà bá igba mu dáadáa. Ṣùgbọ́n a kò rò pé ẹnikẹ́ni da àádọ́ta ọ̀kẹ́ ẹyọ sórí ẹní kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Níbẹ̀ yẹn, orí ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Mann kò fún orí ní ipò tó.

Helen Verran, tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 2001. Ohun tí a fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó padà ṣe àríwísí àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe, pé òǹkà Yorùbá yàtọ̀ pátápátá sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó ń ra gààrí lọ́jà kì í mọ ààlà bẹ́ẹ̀.

Ó ku 50,000. Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí a máa kọ́ni ní 'ọ̀kẹ́ mẹ́ta ó dín ẹgbàárùn-ún', kí ó lè bá àádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́gba. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn: ààbọ̀ ni ó wà lẹ́nu ọlọ́jà, òun ni a ó sì máa kọ sára pátákó.