Ọmọ Tí Ó Yadi: Àgbéyẹ̀wò Sinimá Wend Kuuni

Ní Sankaryaré, àdúgbò ọlọ́jà kan ní ìlú Ouagadougou, èdè Mooré ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu òǹtà àti òǹrà. Nígbà tí Gaston Kaboré gbé sinimá Wend Kuuni jáde ní ọdún 1982, èdè yìí kan náà ni ó fi sí àwọn òṣèré rẹ̀ lẹ́nu, kì í ṣe Faransé. Ẹni tí ó bá ti ìdí àtẹ rẹ̀ lọ wò ó kò nílò ògbufọ̀ kí omijé tó bọ́ lójú rẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Alájàpá kan bá ọmọdékùnrin kan níbi tí ó dákú sí nínú igbó. Ọmọ náà kò lè fọhùn. Ó gbé e dé abúlé tí ó súnmọ́ tòsí. Wọ́n wá ẹbí rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Tinga àti ìyàwó rẹ̀ gbà á tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Wend Kuuni, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀bùn Ọlọ́run. Bí ó bá ṣe ọmọ Yorùbá ni, Ẹ̀bùnolúwa ni ìbá máa jẹ́.

Kí ni àwọn ènìyàn yìí wá ṣe fún un? Wọn kò da ìbéèrè bò ó. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn sí, wọ́n sì fi ẹran síkàáwọ́ rẹ̀ kí ó máa dà wọ́n jẹko. Pognéré, ọmọbìnrin wọn, a sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́ èsì. Níhìn-ín ni iṣẹ́ Kaboré ti dára jù lọ, nítorí kò kánjú rárá. Pápá, ẹran, àti ọmọ tí ó dákẹ́ ni òǹwòran yóò máa wò, títí ìdákẹ́jẹ́ náà yóò fi di ẹrù tí òun pẹ̀lú ń bá ọmọ náà rù. Olùkọ́ tí ó ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì mọ bí irú sùúrù yìí ti ṣòro tó.

Síbẹ̀, ìkẹ́ nìkan kọ́ ni ó dá ohùn rẹ̀ padà. Òkú ọkùnrin kan tí ó pokùnso ni ó já lù, ni ohùn rẹ̀ bá là. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún Pognéré bí wọ́n ti pe ìyá rẹ̀ ní àjẹ́, tí wọ́n lé e jáde, tí ó sì kú sọ́nà. Bí ẹnìkan bá ní èyí ba ìtùnú inú eré náà jẹ́, kò wò ó dáadáa. Ìpayà ni ó ṣí ọmọ náà lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí Pognéré, ta ni ìbá sọ ọ́ fún? Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé abúlé tí ó gba ọmọ àti èyí tí ó lé ìyá jáde jọ ara wọn púpọ̀, Kaboré sì yára kọjá lórí ọ̀ràn yìí.

Ní ọdún 1997 ó tún gbé Buud Yam jáde, èyí tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní àjọ̀dún FESPACO ní Ouagadougou lọ́dún náà. Serge Yanogo tí ó ṣe ọmọ náà ni ó tún padà wá, ó ti di géńdé. Lọ́tẹ̀ yìí, Pognéré ni àìsàn dá dùbúlẹ̀, Wend Kuuni sì ni ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti wá oníṣègùn fún un.