Ìfẹ́ Méjì Nínú Ohùn Kan: Àgbéyẹ̀wò The Belle Album ti Al Green

Bí òkìkí olórin bá ti kan tán, iṣẹ́ tí ó bá ṣe nígbà tí ọjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú kì í sábà rí ẹni dúró gbọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a máa wá ohùn tí wọ́n ti mọ̀. Bí wọn kò bá sì bá a níbẹ̀, wọn a kọ ẹ̀yìn sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún The Belle Album, àwo orin tí Al Green gbé jáde ní ìparí ọdún 1977. Ọkùnrin tí orin rẹ̀ kan ti gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1972 ni èyí, ṣùgbọ́n àwo yìí kò tilẹ̀ wọ inú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ nínú ètò tí ìwé ìròyìn Billboard fi ń to àwo orin bí wọ́n ti ń tà sí. Àwọn alárìíwísí díẹ̀ yìn ín nígbà tí ó jáde, ṣùgbọ́n ìyìn wọn kò dé ọjà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé inú àwo Greatest Hits tí ó jáde ní ọdún 1975 ni wọ́n ti mọ Al Green. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n láti ibẹ̀ nìkan ti dúró ní ọdún méjì ṣáájú ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dé góńgó.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwo náà kì í ṣe afárá lásán tí olórin kan gbà kọjá láti inú orin ìfẹ́ bọ́ sínú orin ìsìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń rò. Ibẹ̀ nìkan ni orin ìfẹ́ àti orin ìsìn ti jókòó ti ara wọn láìsí ẹni tí ó lé èkejì jáde. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni The Belle Album dán wò, ó sì yẹ kí a wádìí bóyá olórin náà pòfo lóòótọ́.

Kí ọ̀rọ̀ lè yéni, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú orin tí a ń pè ní sóòlù. Ọmọ ilé méjì ni orin náà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ ohùn: igbe, ìdáhùn àwọn agberin, àti àtúnwí ọ̀rọ̀ kan títí tí ara yóò fi yá gágá. Ṣùgbọ́n inú ilé ijó ni ó ti lọ ná ohun tí ó kọ́. Nígbà tí Ray Charles ń gbé ìlù àti ohùn ìsìn wọ orin ìfẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1954, àwọn onígbàgbọ́ kan kà á sí ìwà àìbọ̀wọ̀. Nígbà tí Sam Cooke, ẹni tí ó ń kọrin ìhìnrere pẹ̀lú ẹgbẹ́ Soul Stirrers, sì fẹ́ ṣe àwo orin ayé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1956, orúkọ mìíràn ni ó fi bora kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì má baà bínú. Láti ìgbà náà ni ó ti dàbí òfin tí a kò kọ sílẹ̀: ẹni tí ó bá jáde kúrò nílé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ padà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ẹrù ọjà nù sẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ni Al Green ti pàdé òfin yìí. Ní ìlú Forrest City ní ìpínlẹ̀ Arkansas ni a bí i ní ọdún 1946. Ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọrin ìhìnrere láti kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ ká a mọ́ ibi tí ó ti ń gbọ́ àwo Jackie Wilson, ó lé e jáde nílé. Bí a bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, a óò mọ̀ pé ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú orin rẹ̀ ní ọdún 1977 kì í ṣe ìjà tuntun. Ìjà bàbá àti ọmọ ni, ó kàn di ìjà ọkùnrin kan pẹ̀lú ara rẹ̀ ni.

Willie Mitchell, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Hi Records ní Memphis, ni ó sọ Al Green di ẹni tí ayé mọ̀. Ìmọ̀ràn pàtàkì tí ó fún un ni pé kí ó yé pariwo, kí ó máa kọrin jẹ́jẹ́. Ó tún yí i ká pẹ̀lú àwọn akọrin tí ó mọ ara wọn bí ẹni mọ owó: àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hodges, tí ọ̀kan ń ta gìtá, tí èkejì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, tí ẹ̀kẹta sì ń tẹ dùùrù, àti onílù méjì, Howard Grimes àti Al Jackson. Gbogbo ohun èlò wọ̀nyí dàbí ọgbà tí a fi yí ohùn kan ká. Ohùn náà lè ṣeré bí ó ti fẹ́ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ìlù kò jẹ́ kí ó ṣìnà. Ọgbọ́n Mitchell ni pé ó mọ ibi tí ó yẹ kí a dá ohùn náà dúró. Kò sí àní-àní pé àwọn àwo tí wọ́n jọ ṣe láti ọdún 1971 sí 1974 wà lára ohun tí ó dára jù lọ nínú orin sóòlù.

Ní ọdún 1973, nígbà tí òkìkí rẹ̀ wà lókè téńté, Al Green sọ pé òun ti di àtúnbí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, obìnrin kan da ògì àgbàdo gbígbóná sí i lára nínú ilé rẹ̀, ó sì fi ìbọn pa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí alárìíwísí fi ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ó tó kí a sọ pé lẹ́yìn rẹ̀, orin ìfẹ́ kò lè jẹ́ eré lásán mọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ń kọ ọ́. Ní ọdún 1976 ó ra ilé ìsìn kan ní Memphis, ó sọ ọ́ ní Full Gospel Tabernacle, ó sì di pásítọ̀ ibẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì fi ọjà sílẹ̀. Nígbà tí Hi Records bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 1977, òun àti Mitchell pínyà. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀, ó kó àwọn akọrin tuntun jọ, ó sì gbé gìtá lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bí ọgbà ṣe wó nìyẹn.

Ìyàtọ̀ náà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́, èyí tí ó fún àwo náà ní orúkọ. Gìtá tí kò lo iná mànàmáná ni ó wà níwájú, ọwọ́ tí ó ń ta á kò sì ní ìdánilójú ọwọ́ àwọn Hodges. Ọwọ́ ẹni tí ó ń ronú ni. Nínú èdè Faransé, arẹwà ni Belle túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n nínú orin yìí, orúkọ obìnrin kan ni. Ọkùnrin kan ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń ṣàlàyé fún un pé ẹlòmíràn ti wà nínú ayé òun, pé Ọlọ́run ni ẹni náà, àti pé ìbátan àárín àwọn méjèèjì ti pẹ́. Kókó orin náà wà nínú ìyàtọ̀ tí ó fi sáàárín ohun tí ọkàn ènìyàn ń fà sí àti ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ kò lè wà láìní.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú orin yìí. Èkínní ni ẹni tí a kọ ọ́ sí. Bí ó bá ṣe pé ìjọ ni olórin ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ìgbàlà ni ìbá jẹ́; bí ó bá sì ṣe pé Ọlọ́run ni, àdúrà ni ìbá jẹ́. Obìnrin náà gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò dùn jù lọ ni ó dúró níwájú rẹ̀. Èkejì ni ohùn tí ó fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀bẹ̀ ni ó fi kọ ọ́, ohùn kan náà tí ó fi ń fa obìnrin mọ́ra ní ọdún 1972. Kò bú u, kò pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì sọ pé ìfẹ́ òun sí i ti tán. Ẹ̀kẹta ni pé obìnrin náà kò fèsì. Orin náà kò parí sí ibi ìdájọ́. Ohùn òkè tín-ín-rín ni ó gbé e lọ, tí ọ̀rọ̀ ń ya lọ díẹ̀díẹ̀ tí ó sì di ìkérora. Etí lásán kò lè dá a mọ̀ nígbà náà bóyá ìdùnnú ẹni tí a gbà là ni à ń gbọ́ tàbí ìbànújẹ́ ẹni tí ó ń fi olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n orin náà ni pé ó jẹ́ méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orin yìí yóò fi etí mìíràn gbọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Loving You lè jẹ́ orin fún obìnrin, ó sì lè jẹ́ orin fún Ọlọ́run. Olórin kò fi àmì kan sí i tí a fi lè pín wọn níyà. Feels Like Summer fúyẹ́ bí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Georgia Boy, tí ó gbà tó ìṣẹ́jú 7, tí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù ń rìn lójú kan, tí olórin sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ oko tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ọkùnrin náà ti wá hàn: ó rékọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ijó, ó padà sí erùpẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti hù jáde.

I Feel Good ni ó ṣí ojú kejì àwo náà. Ìgbà tí orin ijó dísíkò gba gbogbo Amẹ́ríkà kan ni wọ́n ṣe é, orin ijó sì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ti ìsọjí ju ti òru ọjọ́ Sátidé lọ. Chariots of Fire mú ni rántí kẹ̀kẹ́ iná Wòlíì Èlíjà láti inú orúkọ rẹ̀, eré sísá ni ó sì ń bá lọ. Dream ni ó kẹ́yìn, tí òun náà ju ìṣẹ́jú 7 lọ, tí ó rọra ń lọ bí ẹni tí oorun ń gbé. Nípa báyìí, àwo tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn parí sínú àlá. Kì í ṣe pé a yanjú ọ̀rọ̀ náà. A tẹ́ ẹ sùn ni.

Àwọn kan yóò sọ pé àwo yìí kò ní ìdúróṣinṣin, pé àìsí Willie Mitchell hàn nínú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. All n All kò ju orin ìyìn tí ó sáré kọjá lọ, bí a kò bá sì gbọ́ ọ, ohun tí àwo náà ń sọ kò ní dín kù. Àwọn ibì kan wà tí orin gùn ju ohun tí ó ní í sọ lọ, tí ó sì dàbí pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ̀gá pé ó tó. Olùdarí tí ó ń darí ara rẹ̀ kì í sábà rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: ṣé ọgbà Mitchell lè gba ọ̀rọ̀ tí Belle ń sọ? Ìdánilójú ni iṣẹ́ ọgbà náà. Gbogbo ohun èlò níbẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ kí olórin tó la ẹnu. Orin ẹni tí kò tíì mọ ibi tí òun yóò já sí nílò ọwọ́ tí ó ń ṣiyèméjì díẹ̀, gìtá tí ó ń wá ọ̀nà bí ẹni tí ó ń ta á ti ń wá a. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní àbùkù iṣẹ́ náà jẹ́ apá kan ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà sì ni Al Green fi han ayé nínú àwo yìí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e túbọ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Truth n' Time jáde ní ọdún 1978, kò sì ní irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979 ó ṣubú lórí ìtàgé ní ìlú Cincinnati, ó sì gbà pé ìkìlọ̀ láti ọ̀run ni. The Lord Will Make a Way, àwo ìhìnrere tí ó jáde ní ọdún 1980, gba ẹ̀bùn Grammy, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ a ti dá ẹjọ́ tán. Ohùn náà ṣì dùn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì dájú, ṣùgbọ́n Belle kò sí nínú yàrá mọ́, kò sì sí ẹni tí olórin gbọ́dọ̀ wò lójú kí ó tó wí tirẹ̀. Nígbà tí òun àti Mitchell tún pàdé láti ṣe I Can't Stop ní ọdún 2003, ọgbà àtijọ́ ni wọ́n tún mọ, ohun tí ó dára ni wọ́n sì ṣe. Síbẹ̀ wọn kò padà sí orí ọ̀rọ̀ náà.

Ǹjẹ́ Al Green pòfo? Bí a bá fi ọjà wọ̀n ọ́n, ó pòfo: eku ìfẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, eku ìsìn kò sì tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe sọ nípa ohun tí ọdẹ mú wálé. Kò sọ nípa ohun tí ó rí nínú igbó. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí àwo kan ń yí, ọkùnrin yìí tọ ipa ìfẹ́ méjèèjì lọ débi tí kò sí olórin sóòlù púpọ̀ tí ó dé. Àwọn yòókù yan ọ̀kan kí wọ́n tó gbohùn sílẹ̀. Òun gbohùn sílẹ̀ nígbà tí yíyàn ń dùn ún lọ́wọ́.